Àáró Nídìí Ẹ̀rọ Bisikíìtì

Bisikíìtì ṣì ń gbóná lórí bẹ́líìtì lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé iṣẹ́ ọ̀sán fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abdulwaris, ọ̀gá tó ń bójú tó wa, ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọjà ń yá, àwọn ọ̀gá ní Èkó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ti pín wa sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kìíní á máa wọlé ní òwúrọ̀, wọn á máa sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀wọ́ kejì á máa wọlé lọ́sàn-án, wọn á ṣíwọ́ lálẹ́, Sọ́ńdè ni ìsinmi tiwọn. Ó pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi bọ́ sí ọ̀wọ́ kejì.

Ummu Salamah, tí àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, fi ìgúnpá gún mi. "Hamidat, ó ti parí nìyẹn. Kí Tíṣà yín lọ wá ẹlòmíì tó máa jókòó sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ rẹ̀."

Wọ́n ti tan ẹ̀rọ padà, bisikíìtì sì ń bọ̀.

JSS Two ni mo wà nígbà tí mo kúrò nílé-ìwé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ọ̀fà Garage, ti ya wọ igbó lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàjẹ́, ọlọ́kọ̀ sì ní òun ò fẹ́ rí i mọ́. Ìyá mi ká aṣọ ilé-ìwé mi, ó tì í sábẹ́ àpótí, ó ní a ó mú un jáde tí nǹkan bá ṣẹnuure. Àbúrò mi ló padà wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n gé etí aṣọ náà kúrú. Láti ìgbà náà, mo kiri omi tútù, mo fọ aṣọ fún àwọn ọmọ Poly, mo sì ru ẹrù l'Ọ́jà-Ọba débi pé àtàrí mi mọ àpò ìrẹsì yàtọ̀ sí àpò gàrí kí ojú mi tó rí i. Iṣẹ́ bisikíìtì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe lábẹ́ òrùlé.

Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ìjọba ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àgbàlagbà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn Táíwò Road. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àlàmísì ni a máa ń ṣe é. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré la ń jókòó lé, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọdún yìí la máa ṣe ìdánwò JSS Three. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí iye kíláàsì tó pa jẹ lọ́dún bá pé ti oṣù kan gbáko, kò ní bá wọn ṣe é. Ó di ọdún mìíràn. Mo ti gbọ́ "ó di ọdún mìíràn" rí. Mo mọ bó ṣe máa ń parí.

Àlàmísì tó tẹ̀lé e ni kíláàsì tó kẹ́yìn kí iṣẹ́ ọ̀sán tó gbà wá. Mo lọ. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní òwúrọ̀ kó tó wá kọ́ àwa nírọ̀lẹ́, ń sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ó ní àwọn ènìyàn fi oko sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ. Tọmọtọmọ ni wọ́n ń lọ. Ọmọdé ni wọ́n máa ń fi síbi tí òwú bá ti já, torí ọwọ́ ọmọdé kéré, ó lè wọ àárín ẹ̀rọ.

"Ìyá wọn ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Ìyá wọn wà nídìí ẹ̀rọ kejì," Tíṣà wí. "Nígbà tí àwọn kan wá dìde pé kí ìjọba kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, kí gbogbo ìlú máa fi owó orí gbé e ró, ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn ló pàtẹ́wọ́. Àwọn òbí mìíràn gan-an kọ̀. Owó tí ọmọ ń mú bọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun."

Sufyan nawọ́. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni ní Ọ̀fà Garage, kò sì sí kíláàsì tí kì í dá Tíṣà dúró. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí kò bímọ ńkọ́? Kí èmi máa lẹ irin nínú oòrùn, kí n wá sanwó kí ọmọ Lágbájá lè mọ A B D?"

"Ohun tí àwọn náà sọ nìyẹn. Ó kù kí o wọ fìlà wọn."

A rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní díẹ̀díẹ̀ ni ó ṣe lọ. Ìpínlẹ̀ kan á ṣòfin pé ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sílé-ìwé, òmíràn á tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí gbogbo wọn tó ṣe é. Ti àwọn ènìyàn dúdú tún yàtọ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀, àwọn aláṣẹ kò sì kà á kún nǹkan kan. Ó ní àwọn àgbà tó ti òkè òkun dé, tí wọn ò gbọ́ èdè ìlú náà, á kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọn á lọ jókòó sí kíláàsì bí àwa ṣe jókòó yìí.

N kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo kàn gbọ́ tí mo ní, "Àáró ni."

Tíṣà yíjú sí mi. "Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo ní bàbá tó bí bàbá mi dáko lọ́nà Àfọ̀n. Òun àti àwọn àgbẹ̀ kan ló jọ ń ṣe àáró. Lónìí wọ́n á ro oko tirẹ̀, lọ́la wọ́n á ro ti ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Ọkùnrin kan kò lè dá ro oko tó tóbi kí èpò tó borí ẹ̀gẹ́. Mo ní bóyá bí owó orí yẹn ṣe rí nìyẹn.

Sufyan mi orí. "Àáró dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá roko ẹni, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lóko mi. Ọmọ Lágbájá tó kàwé, oko wo ló máa bá mi ro?"

"Tó bá di nọ́ọ̀sì," Tíṣà wí, "tí iná irin bá jó ọ lọ́wọ́?"

Sufyan wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, tí àpá iná kún. "Tíṣà, ẹ má ṣàdúà burúkú fún mi o!"

Nígbà tí kíláàsì tú, mo dúró, mo sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀sán fún Tíṣà. Ó pa bọ́ọ̀dù rẹ́ tán kó tó fèsì. "N kò ní agbára kankan nílé-iṣẹ́ yín," ó wí. "Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju oṣù kan yẹn lọ. N kò lè purọ́ pé o wá nígbà tí o ò wá. Ṣùgbọ́n tí o bá lè rí ọ̀nà kan, wá."

Inú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sílé ni mo ti rántí Mama Ìbùkún.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Mama Ìbùkún, ó dàgbà tó ìyá mi, ọ̀wọ́ òwúrọ̀ ni wọ́n sì pín in sí. Ẹni tó pín wa kò wo ẹ̀sìn, àga tí kálukú wà nìkan ló wò. Báyìí ni Mama, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣe di ẹni tó ń sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwa Mùsùlùmí sì ń sinmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì lọ́sàn-án Àlàmísì tó tẹ̀lé e. Òun ń jáde, èmi ń wọlé. Mo ti pa Ìṣẹ́gun jẹ, Àlàmísì náà sì ń lọ.

"Mama, ẹ kú iṣẹ́."

"Ọmọ mi, fi mí sílẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ń wá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ní mo ti fà sẹ́yìn. Èmi! Jímọ̀ ni mo wà nílé tí mo ń wo ògiri. Ṣé kí n kúkú máa tẹ̀lé yín lọ kí Jímọ̀ ni?"

"Ẹ wá, a ó bá yín wá ìbòrí."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Mo fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá géètì, mo là á yé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Àlàmísì, kí n bá a wọ iṣẹ́ òwúrọ̀, kí òun bá mi wọ iṣẹ́ ọ̀sán. Èmi á ráàyè lọ sí kíláàsì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí í ṣe ìsinmi mi, èmi á wá jókòó lórí àga rẹ̀, òun á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí í ṣe ìsinmi rẹ̀, òun á wá jókòó lórí àga mi. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ.

Ó wo ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Ọkọ rẹ̀ wà nílé, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti fún un lóúnjẹ àti oògùn. Ìdí nìyí tí kò fi lè bá mi pààrọ̀ ọ̀wọ́ pátápátá.

"Olúwakẹ́mi lè dúró tì í fún ọjọ́ mẹ́ta," ó wí nígbẹ̀yìn. Olúwakẹ́mi ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Táíwò Road. "Kò lè ju mẹ́ta lọ. Àwọn ọjọ́ yòókù, òun ló ń ti ṣọ́ọ̀bù."

"Mẹ́ta náà ni mo kà, Mama."

"Àáró nìyẹn," ó wí.

"Àáró ni."

A ní a ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. A rò pé tí ẹ̀rọ bá ṣáà ti ń yí, tí àga bá ṣáà ti ní ẹni tó jókòó lé e, ta ni yóò bèèrè?

Ìṣẹ́gun dé. Mo wọlé ní òwúrọ̀ lórúkọ Mama, mo ṣíwọ́, mo lọ sí kíláàsì. Tíṣà rí mi, ó sún bẹ́ǹṣì síwájú fún mi. Inú mi dùn débi pé n kò ronú kan nǹkan tó ń lọ lórí àga mi.

Ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá bisikíìtì ni iṣẹ́ àwa méjèèjì. Ní òwúrọ̀, bisikíìtì ńlá ni wọ́n ń ṣe, ọ̀rá rẹ̀ nípọn, ó ń fẹ́ iná púpọ̀. Èmi ti ṣe ìyẹn rí kí wọ́n tó pín wa, kò ṣòro fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bisikíìtì kékeré ti àwọn ọmọ ilé-ìwé là ń ṣe, ọ̀rá tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Mama kò jókòó tì í rí. Iná tó mọ̀ ló tan. Kó tó fura, ẹnu ọ̀rá ti ń jó, ó ń rún wóówóó, bisikíìtì tó wà nínú rẹ̀ sì ń gbóòórùn èéfín. Ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n dà nù.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Abdulwaris wà lẹ́nu géètì, ọ̀rá tó jó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Hamidat, níbo lo wà lánàá?"

"Òwúrọ̀ ni mo wọlé, ọ̀gá."

"Ta ló ní kí o wọlé ní òwúrọ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti sọ ibí di ilé bàbá yín." Kò pariwo. Ó bà mí nínú jẹ́ pé kò pariwo. "Láti òní lọ, ẹni tí kò bá sí lára ọ̀wọ́ tó ń wọlé, kò gbọdọ̀ kọjá géètì yìí. Mo ti sọ ọ́ fún Mama náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí wọn ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ni wọn ì bá wà báyìí."

Àlàmísì kọjá, n kò sí ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn náà kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ, mo ń lẹ ẹnu ọ̀rá, mo sì mọ ibi tí wọ́n máa dé nínú ìwé ní wákàtí yẹn. Mo ti rí ohun tó jọ èyí rí. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ mi sábẹ́ àpótí, wọ́n sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ummu Salamah ló là mí lójú. A ń jẹun nínú ìsinmi kékeré tí wọ́n ń fún wa, ó ń bó ẹyin. "Ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, "ẹ yà mí lẹ́nu. Ìwọ àti ìyá àgbà náà."

"Kí la ṣe?"

"Láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti mú yín, àáró, àáró lo ń pariwo. Mo bi ọ́: ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró lóko bàbá bàbá rẹ nìyẹn? Wọ́n máa ń dọ́gbọ́n wọ oko onítọ̀hún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò? Olè ló ń roko bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ bínú. Ó ju ìdajì ẹyin sẹ́nu, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Àti pé ta ló ń fún àlejò lọ́kọ́ láìfi ibi tí iṣu wà hàn án? Ìyá àgbà ò mọ oko rẹ. O kàn sọ ọ́ sínú rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá bàbá mi máa ń sọ ọ́ pé, lọ́jọ́ tí àáró bá kan olóko, òun ló ń ṣáájú. Á rìn yí oko ká pẹ̀lú wọn, á nawọ́ sí ibi tí irúgbìn wà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ sókè. Orin ni wọ́n sì ń kọ wọ ibẹ̀, gbogbo abúlé á gbọ́. Àwa ti mú ìdajì àáró, a sì fi ìdajì sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀wọ́ òwúrọ̀ ń jáde, èmi, Mama àti Ummu Salamah lọ bá Abdulwaris ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkẹ́rù. A kúnlẹ̀. Ó ní ká dìde.

"Abdulwaris, ọmọ mi," Mama bẹ̀rẹ̀.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, níbi iṣẹ́, ẹ má pè mí lọ́mọ. Wọ́n á ní mi ò lè bá yín wí."

"Ó dáa. Ọ̀gá, ọmọ mi."

Ummu Salamah bo ẹnu rẹ̀. Abdulwaris gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń pa á.

Mama tọrọ àforíjì fún ọ̀rá tó jó. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kíláàsì, ìdánwò, oṣù kan tó fẹ́ pé, Sọ́ńdè Mama. Mo sọ bí a ṣe fẹ́ máa pààrọ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí náà ó kúrú.

"Ilé-iṣẹ́ kì í ṣe oko," Abdulwaris wí. "Tí nǹkan bá bàjẹ́, Èkó á pè mí. Ta ni kí n dárúkọ fún wọn? Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tàbí ẹni tó wà níbẹ̀?"

"Àwa méjèèjì," mo wí. "Tí ọ̀kan bá bà á jẹ́, kí ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

"Ẹ̀rọ ò mọ méjèèjì. Ó mọ̀ bóyá iná pọ̀ jù."

"Mo máa kọ́ Mama. Kí òun náà kọ́ mi. Lójú yín. Kí àwọn tó jókòó tì wá náà wà níbẹ̀."

Ó mi orí. Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà náà ni Ummu Salamah, tí a kò rán níṣẹ́, dá sí i. "Ọ̀gá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ibà ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

Abdulwaris kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà tí iṣẹ́ Sọ́ńdè ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní ọ̀wọ́ òwúrọ̀ ti ń ṣàìsàn: ibà ní Sọ́ńdè yìí, inú rírun ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Mọ́ńdè, ara á ti le. Ẹ̀rọ máa ń dúró, Abdulwaris fúnra rẹ̀ á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á jókòó nídìí bẹ́líìtì. Èkó ti pè é lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀.

"Èmi ò purọ́ ibà rí o," Mama wí kíákíá. "Ẹkún ni mo ń sun, ṣùgbọ́n mo ń wá."

"Mo mọ̀, Mama." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ṣé ìwọ lè wá ní gbogbo Sọ́ńdè, Hamidat? Kì í ṣe méjì, kí ó wá rẹ̀ ọ́?"

"Màá wá."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ, ẹ̀yin mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀, Ummu Salamah ti fèsì: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i bóyá ìyá yìí lè lẹ ọ̀rá."

Abdulwaris ní ká wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ọ̀wọ́ kan ń jáde tí èkejì ń wọlé. Àwọn obìnrin láti ọ̀wọ́ méjèèjì dúró yí ẹ̀rọ ká. Mama jókòó sórí àga mi. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó dín iná kù, ó dín in kù. Ọ̀rá àkọ́kọ́ ṣí. Ó tún iná ṣe, èkejì jó. Ẹnì kan kẹ́dùn láti ẹ̀yìn. Abdulwaris ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Mama, ẹ má wo iná kékeré tó ń tàn lórí ẹ̀rọ yẹn," Ummu Salamah wí. Ó tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ àgbà obìnrin náà mú. "Irọ́ ló ń pa, ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ẹnu ọ̀rá bó ṣe ń jáde. Tó bá rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, ooru ti pọ̀ jù. Tó bá le bí èékánná, ẹ fi díẹ̀ kún un."

Mama fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Ó tún un ṣe. Ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ ahọ́n, orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ẹ̀rọ lọ. Abdulwaris mú ọ̀rá mẹ́ta, ó fà wọ́n pẹ̀lú ipá. Kò sí èyí tó ṣí.

"Títí ìparí oṣù," ó wí. "Tí ọ̀rá kan bá jó, gbogbo rẹ̀ tán." Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà. "Hamidat, ọ̀la ni Ìṣẹ́gun. Òwúrọ̀ ni kí o wá."

Mo dé kíláàsì lọ́jọ́ kejì nígbà tí kíláàsì tí mo pa jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ti oṣù kan. Sufyan ló kọ́kọ́ rí mi. "Aláàáró ti dé! Mo ti ń jókòó sí àyè rẹ o, ó gbóná." Tíṣà ní kó kúrò níbẹ̀.

Oṣù parí, ọ̀rá kankan ò jó. Abdulwaris kò pe ìpàdé. Ó kàn sọ fún wa lẹ́nu iṣẹ́ pé ká máa bá a lọ, àti pé ẹni tó bá tún ní ìdí, kó wá ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n wá kọ́ ara wọn nídìí ẹ̀rọ lójú òun. Ibà Sọ́ńdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Obìnrin kan pààrọ̀ nítorí ọjọ́ àyẹ̀wò oyún rẹ̀. Òmíràn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ummu Salamah ní tòun, oorun lòun fẹ́ fi àáró sùn. Àwọn mẹ́rin sì tẹ̀lé mi lọ sí kíláàsì, ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó ń to páálí sínú ọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dé, bẹ́ǹṣì kò tó. Tíṣà dúró, ó ń wò wá bí ẹni tí àlejò bá láìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ kíláàsì kejì bọ̀. Ewúrẹ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé sùn níbẹ̀. A gbá a. Sufyan yẹ bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ wọn ti ṣẹ́ wò, ó gbé méjì lé orí, ó ní òun ń gbé wọn lọ sí Ọ̀fà Garage, òun á fi irin lẹ̀ wọ́n.

"Èló ni?" Tíṣà bèèrè.

"Ẹ má bi mí léèrè èló," Sufyan wí. "Ẹ ṣáà rántí mi lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn bá dé."

Ìwé ìdánwò tó kẹ́yìn bọ́ sí Mọ́ńdè, ó sì wọ ọ̀sán. Mọ́ńdè kì í ṣe ara àwọn ọjọ́ Mama. N kò lè bẹ̀ ẹ́, nítorí ọkọ rẹ̀. Òun ló wá bá mi, ó ní Olúwakẹ́mi ti bá ẹni tí wọ́n jọ ń tajà oògùn sọ̀rọ̀, ìyẹn á bá a ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun náà á san án padà lọ́jọ́ Sátidé. Mo dúró, mo ń wo Mama. Ó ní, "Kí lo ń wò? Lọ kàwé."

Mo kọ ìdánwò náà. Ìbéèrè kan wà tí n kò mọ̀, mo fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, mo sì padà sí i. Nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wa, mo wọ kẹ̀kẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́. Yíǹkì ṣì wà ní ìka mi. Mama Ìbùkún wà lórí àga mi, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Ó rí mi, kò dá ọwọ́ dúró.

"Báwo ni?"

"Mo kọ gbogbo rẹ̀, Mama."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò sí èyí tí mo fò."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ nu àga fún mi. "Ó dáa. Jókòó, bisikíìtì ń bọ̀."